Orúkọ Tó Wà Lára Páálí

Ìgbájọ,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ọdún 1998.

Bùrọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Ọyẹ́ ń bá àwa náà fà á níbí, ó ti là mí létè. Ṣé ara yín le? Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé yẹn náà lẹ ṣì ti ń tún kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe? Màmá ní Ìlá ní kí n kí yín. Wọ́n ní kòkó ò so dáadáa lọ́dún yìí, àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọjú.

Páálí tẹ́ ẹ fi rán ìyàwó Pásítọ̀ ti dé, àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì pé. Ẹ ṣeun, àpò yín ò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó bèèrè bí wọ́n ṣe ń tò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí páálí náà dá sílẹ̀. Orúkọ Gbọlá ọkọ mi lẹ kọ sára rẹ̀. Mo mọ̀ pé bó ṣe yẹ nìyẹn, ẹrù kì í wọ ilé ọkọ kó má gba iwájú ọkọ kọjá. Inú mi ló dùn jù, mo ti fi ọ̀bẹ là á kó tó ti ilé ìwé dé. Nígbà tó dé, ó wo orúkọ ara páálí, ó wò mí, ó sì gbá mi létí ọ̀tún. Mo ṣubú lu ẹsẹ̀ tábìlì. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn ẹ̀yà náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má bàa fọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún kẹfà rèé. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ̀yin lẹ mú un wá sílé wa, ẹ jọ sùn nínú yàrá kan ní ilé ìwé. Olùkọ́ ìṣirò ni, díákónì ni, tó bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ìyá àgbà a máa sunkún. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Nínú lẹ́tà yín tó kọjá ẹ ní ètò kan wà tó ń jẹ́ Linux, tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà dípò Windows, pé nínú rẹ̀ olúkúlùkù ló ní yàrá tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá kọ nínú ilé yìí ló ń kà. Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa to ẹ̀rọ náà, kí n lè máa fi tẹ̀wé jẹun, kẹ́ ẹ sì fún mi ní ibi kan tójú rẹ̀ ò ní dé. Ọ̀dọ̀ Màmá ni kẹ́ ẹ máa fi èsì ránṣẹ́ sí.

Àbúrò yín,
Títílayọ̀.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1998.

Títí, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá tó máa gba lẹ́tà yìí fún ọ. Ara mi le, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí láti orí ìjókòó.

Mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí pé Gbọlá gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, páálí tó ní orúkọ onílé lára, o fi ọ̀bẹ là á. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n á tún parí rẹ̀ sínú ẹnu kan náà. Mo mọ Gbọlá ju bó o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà tí ibà fẹ́ pa mí ní ọdún kẹta wa nílé ìwé, aṣọ ìbora tirẹ̀ ló fi bò mí, òun sì sùn lórí sìmẹ́ńtì. Ní sùúrù fún un.

Ó yá, ká ṣiṣẹ́. Orí tábìlì onígi ni kó o tú gbogbo rẹ̀ sí, má wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù. Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, torí iná kékeré kan máa ń wà lára èèyàn nígbà ọyẹ́, ojú ò rí i, àmọ́ ó lè pa bọ́ọ̀dù ńlá náà. Àwọn pẹlẹbẹ mẹ́rin tó ń gba ìrántí, má kì wọ́n bọlẹ̀ lóòró. Dà wọ́n tẹ̀ díẹ̀, tì wọ́n wọlé, kó o wá gbé wọn dìde títí wàá fi gbọ́ kẹ́. Okùn pẹrẹsẹ tó lọ sí disíkì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó pupa ni kó wà níbi tí wọ́n kọ ení sí. Èyí tó le jù nìyí, mo bẹ̀ ọ́: okùn iná méjì ló ń wọ bọ́ọ̀dù yẹn, wáyà dúdú ti èkíní gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan wáyà dúdú ti èkejì láàárín. Dúdú sí dúdú. Tó o bá ṣe é lódì, èéfín lo máa rí, kò sì sí bọ́ọ̀dù mìíràn níwájú mi báyìí.

Linux wà lórí sídì tó wà nínú àpòòwé yìí, pẹ̀lú dískẹ́ẹ̀tì kan tí yóò jí ẹ̀rọ náà. Yóò bi ọ́ bóyá kó nu disíkì mọ́. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà yóò ní kó o yan pásíwọ́ọ̀dù fún ẹnì kan tó ń jẹ́ rúùtù. Rúùtù ni baálé ilé: ó lè wọ gbogbo yàrá, ó lè ka ìwé ẹnikẹ́ni, kò sí ilẹ̀kùn tó lè dá a dúró. Tanimola ni kó o fi ṣe é, orúkọ ajá Bàbá wa, lẹ́tà kéékèèké, láìsí àmì. Tó o bá gbàgbé, èmi á rántí. Kó o wá ṣí yàrá tìrẹ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tìrẹ. Bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò ní hàn lójú ẹ̀rọ, má rò pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́.

Kí tiẹ̀ ni aya ń fi pa mọ́ fún ọkọ? Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yín pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúkúnlé.


Ìgbájọ,
Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, ọdún 1998.

Bùrọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ẹ̀rọ náà ti jí. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, dúdú sí dúdú. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀rọ̀ funfun ń sáré lórí dúdú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ilé ìwé mẹ́ta ni mo ti tẹ ìbéèrè ìdánwò fún, mo sì tẹ ìwé ètò ìsìnkú kan fáwọn ará Ire. Ibi pásíwọ́ọ̀dù ni mo ti fẹ́ dẹ́kun, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò hàn, mo ti dojú kíbọ́ọ̀dù délẹ̀ mo ń gbọn eruku inú rẹ̀ kí n tó rántí ohun tẹ́ ẹ sọ.

Ẹ ní ahọ́n àti eyín ń jà. Bùrọ̀dá mi, ìgbà wo ni ahọ́n gé eyín jẹ rí? Ahọ́n nìkan lẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin, Gbọlá dé, mo ń parí iṣẹ́ kan, ọbẹ̀ ò tíì jiná. Kò pariwo. Ó fa wáyà iná kọ̀ǹpútà yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ká a mọ́wọ́, ó sì fi nà mí lẹ́yìn pẹ̀lú orí púlọ́ọ̀gì náà. Mo ka méje kí n tó ṣíwọ́ kíkà. Lẹ́yìn náà ó ki wáyà padà sáyè rẹ̀, ó ní kí n tan ẹ̀rọ kóun rí i bóyá kò bàjẹ́. Mo tàn án. Kò bàjẹ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ń fi pa mọ́ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mo fẹ́ kúrò nílé yìí. Màmá ní díákónì ni, tí mo bá lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á lé mi padà. Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ sílẹ̀, ohun tó ṣe àti ohun tó fi ṣe é. Ìwé méjì ni mo ti kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, ó rí méjèèjì, ó dáná sun wọ́n lójú mi. Inú yàrá mi nínú Linux ló wà báyìí. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò rọ́nà wọlé. Ó kù kí n rẹ́ni tí yóò gbà mí sílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìlá, kí n tó lọ. Ẹ̀yin àti Màmá nìkan ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó mọ síbẹ̀.

Títílayọ̀.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún, ọdún 1998.

Gbọlá, ọ̀rẹ́ mi, àna mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Báwo ni ilé ìwé, báwo ni ìjọ Ọlọ́run? Ọjọ́ pẹ́ tá a ti gbúròó ara wa, ẹ̀bi mi ni.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ránṣẹ́ sílé rẹ, ìyàwó rẹ ni mo ṣe gbogbo àlàyé rẹ̀ fún, bí ẹni pé kò sí baálé nílé. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé aya lọ́wọ́ kí ọkọ máa kan ilẹ̀kùn. Nínú Linux, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ rúùtù, òun ló ni gbogbo ilé, gbogbo yàrá ló lè ṣí. Níbi tó bá ti bi ọ́ ní orúkọ, kọ root. Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ni tanimola, orúkọ ajá Bàbá wa tó lé ọ gun orí igi ọsàn lọ́dún yẹn. Ìwọ ló tọ́ sí.

Mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ń yá. Rọra pẹ̀lú àbúrò mi. Ẹnu ni kó o fi bá a wí.

Èmi ni tìrẹ,
Olúkúnlé.


Sheffield,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ọdún 1998.

Títí,

Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá dé. Jẹ́ kí n sọ ọ́ wàrà kí ọwọ́ mi má bàa kọ̀. Mo ti fún Gbọlá ní pásíwọ́ọ̀dù rúùtù. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó kọjá ni mo kọ ọ́ sí i. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, Títí. Ọkọ ni mo kà á sí, mo ní kò yẹ kí n fò ó dá.

Bó o bá ti rí lẹ́tà yìí, ohun tí wàá ṣe nìyí. Níbi tó bá ti bi ọ́ ní orúkọ, kọ root. Tẹ tanimola. Kọ passwd, kó o tẹ ènterì. Yóò bi ọ́ ní tuntun lẹ́ẹ̀mejì, tẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò. Lẹ́yìn náà kó ẹrù rẹ, máa lọ sọ́dọ̀ Màmá lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró de iṣẹ́ kankan.

Mo ti pe tẹlifóònù tó wà ní Ìlá láti agogo mẹ́jọ, kò wọlé. Màmá, bí ẹ̀yin lẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, ẹ má dúró jẹun, ẹ wọ ọ̀kadà lọ sí Ìgbájọ. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà tí mo kọ sí Gbọlá ò tíì débẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí mo ń ṣépè fún lójoojúmọ́, òun náà ni mo ń bẹ Ọlọ́run lónìí pé kó sọ lẹ́tà kan nù.

Kúnlé.


Ìgbájọ,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 1998.

Arákùnrin Olúkúnlé,

Oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kó máa bá ọ gbé. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Inú mi dùn pé o ṣì mọ iyì ọkọ, ìlú òyìnbó ò tíì gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ.

Mo lo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣí gẹ́rẹ́. Mo rí ìwé kan tí àbúrò rẹ kọ nípa mi, ọjọ́ mọ́kànlá, pẹ̀lú agogo rẹ̀. Mo kà á sí i létí, mo sì bá a wí gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́ sí ọkọ. Mo mọ̀ pé apá rẹ̀ kan ò gbádùn, ìyẹn máa san. Bó ṣe kúrò nílé lọ́jọ́ kejì, tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mi ò fara mọ́.

Ẹ bá mi dá a padà. Ó tú disíkì inú kọ̀ǹpútà mi lọ, kó mú un dání bọ̀. Orúkọ mi ló wà lára páálí.

Èmi ni nínú Olúwa,
Díákónì Adégbọlá.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1998.

Títí mi,

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo jẹ̀bi. O sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo fi òwe dá ọ lóhùn. O sọ lẹ́ẹ̀kejì, mo ti tà ọ́ kí ohùn rẹ tó dé.

Lẹ́tà tí ọkùnrin yẹn kọ sí mi nìyí, mo fi sínú èyí. Mo fẹ́ fà á ya, ọwọ́ mi ò gbà. Kà á, tàbí kó o sun ún, bó bá ṣe wù ọ́.

Mi ò sùn, mi ò jẹun. Lánàá ni mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ojú mónítọ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rán mi lọ sílé. Títí, àwọn ọmọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tí mo mọ̀. Wọ́n á dá a lọ́nà níbi tó ti ń ti Ọ̀tan bọ̀, wọ́n á ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ìgbọ̀nwọ́, kò tún ní kọ ìṣirò sára pátákó láyé. Kọ bẹ́ẹ̀ ni ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ kan yẹn péré.

Kí ló ṣe apá rẹ? Kí ló dé tí o ò kọ̀wé?

Olúkúnlé.


Ìlá Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1998.

Bùrọ̀dá mi,

Ẹ kú ìrora. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí. Apá ọ̀tún ni mo dá, ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Ọ̀rà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ èyí. Etí ọ̀tún ò gbọ́ mọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ni lẹ́tà tẹ́ ẹ ní kí n yí pásíwọ́ọ̀dù padà tó dé, Màmá kà á sí etí òsì tó kù.

Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló pè mí wá sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ root. Ó ń fi ìka kan tẹ ìyókù, kò hàn lójú ẹ̀rọ, àmọ́ mo ń wo ìka yẹn. T, a, n, i. Mo mọ ajá Bàbá wa kó tó dé ìdajì, mo sì mọ ẹni tó mú un wá.

Ó ṣí ìwé mi. Ó ka ọjọ́ kìíní sókè, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?” Mo ní òótọ́ ni. Ó gbá mi. Ó ka èkejì, ó bi mí, mo ní òótọ́ ni, ó tún gbá mi. Mo lè sọ pé irọ́ ni, Bùrọ̀dá mi. Gbogbo rẹ̀ ì bá tán síbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tá a dé orí ìkẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ ti dí mi nímú, ó fa kíbọ́ọ̀dù yọ, ó fi lu apá mi lórí etí tábìlì títí eegun fi dún. Ó wá gbé mónítọ̀ sókè, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ó wẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó wọ agbádá funfun, ó lọ darí orin. Àpótí kọ̀ǹpútà ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Mo fi ọwọ́ òsì mú sukurudiráfà, mo fọwọ́ kan irin rẹ̀ ná bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi, mo tú ìdè mẹ́rin, mo yọ disíkì náà, mo fi gèlè wé e mọ́ àyà. Ọlọ́kadà tó gbé mi gba Ọ̀tan dé Ìlá ò gba owó.

Ràbíátù tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gbà kí n so disíkì yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, bó tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé màá ba tirẹ̀ jẹ́. Ó jí. Ọjọ́ mọ́kànlá náà wà níbẹ̀, kò pa wọ́n rẹ́; ó fẹ́ kà á tán ni. Mo kọ ìkejìlá kún un, a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ní kóòtù, ó gbé Bíbélì, ó ní òun ò rí ìwé yẹn rí láyé òun, pé mo jókòó sílé ìyá mi hùmọ̀ rẹ̀ ni, pé mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni mo fi dápá. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń mi orí. Màmá dìde, wọ́n sì gbé lẹ́tà tí Gbọlá kọ sí yín kalẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ò lè fà ya. Akọ̀wé kóòtù kà á. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ mọ́kànlá pẹ̀lú agogo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mi orí mọ́. Wọ́n tú wa ká lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ràbíátù.

Ẹ má rán ẹnikẹ́ni láti Òṣogbo. Ẹ ò ní fi apá mi wá iṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣẹ́ apá. Inú ń bí èmi náà, kì í ṣe òun nìkan ni mò ń bínú sí. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ síwájú ọjọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Níwájú ìkejìlá, orúkọ méjì ni mo kọ. Adájọ́ bi mí ta ni èkejì. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ó wò mí títí, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò tíì pa á rẹ́. Bóyá màá pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀.

Mo ti yí pásíwọ́ọ̀dù rúùtù padà. Kì í ṣe orúkọ ajá, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni nílé wa. Màmá ò mọ̀ ọ́n, Ràbíátù ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi mí.

Disíkì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi; mo nílò àpótí pẹ̀lú ẹ̀yà inú rẹ̀, mónítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù, mo fẹ́ to tèmi. Bí ẹ bá máa fi wọ́n ránṣẹ́, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ sára páálí náà.

Títílayọ̀.